Onílé Ló Ń Kọ́kọ́ Mu

Ẹ̀wọ̀n títí ọjọ́ ikú ni adájọ́ dá fún mi. Wọn kì í yẹgi fún ènìyàn mọ́ lórílẹ̀-èdè wa, nítorí náà èmi tí mo pa ọ̀rẹ́ mi ṣì ń mí, mo ń jẹun, mo sì ń kọ̀wé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé mi rí nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Cotonou, ẹ̀yin tí ẹ ti sunkún rí níbi eré mi, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Èdè Faransé ni mo fi kọ gbogbo ìwé tó sọ mí di olókìkí. Èyí tí mò ń kọ báyìí, èdè ìyá mi ni mo fi ń kọ ọ́, nítorí Faransé ti bá mi purọ́ púpọ̀ jù.

Nínú yàrá ẹ̀wọ̀n tí mo wà, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ mu omi kí ẹnikẹ́ni tó mu. Ẹ má ṣe rò pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi ni. Ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀.

Alafiarou, abúlé kan nítòsí Tchaourou, ni wọ́n bí mi sí. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, iṣu àti kajú ló ń gbìn, ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni kì í lọ sí oko nítorí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí àlejò bá wọlé tí a bu omi fún un, tàbí tí a bu sódábì, ọtí líle tí a ń fi ẹmu sè, onílé ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú àlejò kó tó gbé e lé e lọ́wọ́. Bí onílé kò bá tọ́ ọ wò, àlejò lè dìde lọ, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí. Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ bàbá mi pé kí ló fà á, ó ní, "Ìfura loògùn àgbà." Oògùn náà ni mo wá mu lámujù nígbà tí mo dàgbà.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Tchaourou ni mo ti pàdé Bàsílì, ọmọ abúlé Sanson. Èmi mọ Faransé kọ, òun mọ ìtàn hun. Bí mo bá kọ gbólóhùn kan tó dùn létí, òun ni yóò béèrè pé ta ni ẹni yìí, kí ló ń bà á lẹ́rù. Bí n kò bá rí ìdáhùn, a ó pa gbólóhùn náà rẹ́. A jọ kọ eré kékeré kan fún ọjọ́ àṣà iléèwé, àwọn òbí sì rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀gá iléèwé ní kí a tún un ṣe. Lẹ́yìn iléèwé, mo di olùkọ́, Bàsílì sì ń gun zém, ọ̀kadà tó ń gbé èrò. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, abẹ́ igi kajú ìyá rẹ̀ la máa ń wà. Òun yóò máa rìn lọ rìn bọ̀, yóò máa sọ̀rọ̀ bí ìyàwó, bí ọkọ, bí àna, èmi yóò máa kọ ọ́, n ó máa tún un ṣe, n ó máa bá a jiyàn. Kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ tọ́ka pé ibí ni iṣẹ́ tèmi parí sí, pé ibí ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ìwé ìtàn wa àkọ́kọ́ parí, èmi nìkan ni mo gbé e lọ bá onítẹ̀wé ní Parakou, nítorí ìyàwó Bàsílì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Onítẹ̀wé wo ìwé náà, ó ní èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ kéré, pé bí òun bá kọ orúkọ méjì sí i, yóò bo ojú obìnrin tí òun yà síbẹ̀. Ó béèrè pé orúkọ ta ni kí òun fi sí i.

"Tèmi," ni mo wí.

Kò sí ẹni tó fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn. Èṣù kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó kàn dùn mọ́ mi láti fojú inú wo orúkọ mi níbẹ̀, òun nìkan. Nígbà tí mo padà dé, mo sọ fún Bàsílì pé onítẹ̀wé ló gbàgbé. Ó yí ìwé náà síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"C'est bon, ó dáa," ló wí. "Orúkọ tìrẹ ló rọrùn ún pè jù."

Ẹ̀rín yẹn ló bà mí jẹ́. Ká ní ó bínú ni, ká ní ó bú mi ni, ǹ bá bẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán. Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. Mo gbé ẹ̀rín náà délé, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí wọ́n jà lólè tó ń rẹ́rìn-ín, kí ló fi pamọ́ sínú?

Ìwé náà tà. Wọ́n ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń tà á níwájú ibùdókọ̀ ojú irin tí ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé mọ́. Lẹ́yìn èyí, ilé iṣẹ́ rédíò kan bẹ̀rẹ̀ sí ka ìtàn wa díẹ̀díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. A máa ń dá a dúró níbi tí ọwọ́ ẹnì kan bá ti wà lára ilẹ̀kùn, tí a kò tíì mọ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ pé ọbẹ̀ jóná ní ilé púpọ̀. Ìwé kejì tẹ̀ lé e, ìkẹta náà dé, orúkọ mi nìkan ló sì wà lára gbogbo wọn, nítorí irọ́ àkọ́kọ́ ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún ìyókù. A sọ àwọn ìtàn náà di eré orí ìtàgé. A ṣe é ní Tchaourou, a ṣe é ní Savè, a gbé e dé Cotonou. Àwọn àgbà tí kò gbọ́ Faransé pàápàá ń pè mí ní Ekirifẹ́ẹ̀n, òǹkọ̀wé.

Eré tó gbajúmọ̀ jù lọ ni èyí tí mo pè ní L'hôte a bu, ìyẹn ni pé onílé ti mu. Olówó kan fẹ́ pa àbúrò rẹ̀ kí ilẹ̀ bàbá wọn lè di tirẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe fún un ní májèlé nígbà tó jẹ́ pé onílé ló ń kọ́kọ́ mu? Bàsílì ló wá ọ̀nà rẹ̀ lábẹ́ igi kajú. Olówó náà wọ aṣọ alápá gígùn, ó gbé ife dé ẹnu, ó ṣe bí ẹni tó mu, ó wá fi apá aṣọ nu ẹnu. Inú aṣọ ni ọtí náà lọ. Bí eré bá dé ibẹ̀, gbogbo ènìyàn á dìde, wọ́n á máa kígbe fún àbúrò náà pé kó wo apá aṣọ. Ó di àwàdà ní gbogbo agbègbè wa. Bí àgbà kan bá fẹ́ bu sódábì fún àna rẹ̀ níbi ìgbéyàwó, yóò kọ́kọ́ ká apá aṣọ rẹ̀ sókè dé ìgúnpá, gbogbo ilé á sì rẹ́rìn-ín.

Bí eré bá parí, wọn á pè mí jáde. Bàsílì á wà lẹ́yìn pátápátá, á jókòó lórí ọ̀kadà rẹ̀, á máa pàtẹ́wọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Mo máa ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ta ló ń pàtẹ́wọ́ fún olè tó jà á?

Láti ìgbà yẹn ni oorun ti dá lójú mi. Bí mo bá kọjá níbi tí àwọn onízém ń dúró sí, tí wọ́n sì dákẹ́, mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń sọ. Bí wọn kò bá dákẹ́, mo mọ̀ pé wọ́n ń díbọ́n ni. Bàsílì ra fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀, mo sì ní kó máa fi í sílẹ̀ nínú ilé kí a tó jókòó. Ó ń fi í sílẹ̀, kò béèrè ìdí. Ìyẹn náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Felisité ìyàwó mi bi mí pé kí ni Bàsílì fi ṣe mí. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó pé ta ló rán òun náà.

Màmá mi wá láti Alafiarou, ó gbé adòyò wá fún mi nínú igbá, ohun mímu tí mo fẹ́ràn láti kékeré. Ó nawọ́ rẹ̀ sí mi. Ẹnu mi sì là, mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Màmá, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Ó gbé igbá náà sẹ́nu, ó mu ún, ó mu ún, kò dúró títí ó fi gbẹ. Ó da igbá náà dé sílẹ̀ níwájú mi, ó so gèlè rẹ̀ le, ó sì padà sí Alafiarou. N kò rí i mọ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n gbé mi lọ síwájú adájọ́.

Nígbà tó yá, ìròyìn dé pé àwọn kan ń bọ̀ láti Cotonou láti fi àmì ẹ̀yẹ dá mi lọ́lá ní ìlú mi, wọn yóò sì ya fíìmù nípa ayé mi. Mo sọ ọ́ fún Bàsílì. Inú rẹ̀ dùn, tàbí kó jẹ́ pé ó ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn.

"Lọ́jọ́ náà, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ níwájú wọn," ló wí. "Ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ lọ́kàn mi."

Mo bi í pé ọ̀rọ̀ wo ni.

"Non, níbẹ̀ ni wàá ti gbọ́ ọ. Bí mo bá sọ ọ́ nísinsìnyí, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

Ó tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kan náà ni. Mo sọ lọ́kàn mi pé mo ti mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn báyìí: lójú gbogbo ayé, ọkùnrin yìí fẹ́ bọ́ aṣọ lára mi. Mo pinnu pé ọjọ́ yẹn kò ní bá a láàyè.

Mo ní kó wá sílé mi ní ọ̀sán, kí a jọ múra sílẹ̀ fún àlejò. Mo ti po oògùn kòkòrò tí àwọn olóko òwú ń fọ́n mọ́ sódábì tí mo fi egbò kíkorò rẹ. Oòrùn mú débi pé ajá kò lè tẹ ilẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ alápá gígùn ni mo wọ̀. Bàsílì gbé ọ̀kadà rẹ̀ dúró, ó wò mí.

"Nínú ooru yìí?"

Mo ní ibà ló ń ṣe mí. Ó ní kí n pẹ̀lẹ́, kí n má jẹ̀ẹ́ kí ó pẹ́ kí n tó lo oògùn. Felisité ń bẹ iṣu lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo bu ọtí sínú ife, mo gbé e sókè lọ sí ẹnu mi, gẹ́gẹ́ bí olówó ti máa ń ṣe nínú eré. Kò tíì dé ẹnu mi tí Bàsílì fi nawọ́, tó gbà á lọ́wọ́ mi.

"Fi sílẹ̀ jàre," ló wí. "Láàárín èmi àti ẹ, ta ló ń tọ́ nǹkan wò fún ta?"

Mo lè gbá ife náà dànù. Mo lè sọ pé eṣinṣin kó sí i. Ẹnu mi wà níbẹ̀, n kò là á. Ó mu ún, ó fajú ro, ó ní ó korò. Mo ní egbò ni. Apá aṣọ mi gbẹ, kò sí ẹ̀kán kan lára rẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, Bàsílì ti kú. Èmi fúnra mi wà lára àwọn tó gbé e dé ilé ìwòsàn, mo sì ń sunkún. Ẹkún òtítọ́ ni, ẹ gbà mí gbọ́ tàbí kí ẹ má gbà mí gbọ́.

Ní ilé ìyá rẹ̀ ní Sanson, kí a tó sin ín, àbúrò bàbá rẹ̀, Tonton Sámúẹ́lì, jókòó lábẹ́ igi kajú wa yẹn. Àwọn onízém kún àgbàlá. Ó ní kí n wá. Kò gbé ohùn sókè.

"Ní ilé rẹ lọ́hùn-ún, ta ló kọ́kọ́ mu?"

"Èmi ni, tonton," ni mo wí. "Mo tọ́ ọ wò kí n tó fún un."

Gbogbo ojú sọ̀kalẹ̀ sí apá aṣọ mi. Ìgbà náà ni Felisité dìde láàárín àwọn obìnrin.

"Irọ́ ni, tonton. Kò tọ́ ọ wò. Bàsílì ló gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní láàárín àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò fún ẹnì kejì."

Aṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà, tèmi kò sì pẹ́ nípamọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló mú mi. Ká ní mo sọ òtítọ́, pé ọ̀rẹ́ mi kò jẹ́ kí n tọ́ ọ wò, bóyá wọn ì bá bá mi sunkún. Ṣùgbọ́n n kò lè rò ó pé ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ wa yóò gbà pé ènìyàn mu ọtí ilé ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀. Èmi fúnra mi n kò gbà á gbọ́, bẹ́ẹ̀ ìṣojú mi ló ṣe é. Àwọn ọlọ́pàá wá ìyókù ọtí náà rí nínú ilé mi, mo sì jẹ́wọ́.

Ní ilé ẹjọ́, wọ́n bi ìyàwó Bàsílì bóyá ó mọ ọ̀rọ̀ tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ sọ níwájú àwọn ará Cotonou. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Ó ní àwọn onízém ti ń sọ káàkiri pé mo ń ja Bàsílì lólè, ó sì ń dùn ún. Bàsílì fẹ́ sọ fún gbogbo wọn pé òun ló ní kí n máa fi orúkọ mi nìkan sí ìwé wa.

"Mo sọ fún un pé irọ́ nìyẹn," ni obìnrin náà wí. "Ó ní òun mọ̀. Ó ní kí wọ́n ṣáà fi ọ̀rẹ́ òun sílẹ̀."

Màmá mi bo ojú rẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ohun tó wá sí èmi lọ́kàn níbi tí mo dúró sí. Mo rò pé bóyá obìnrin yìí ń purọ́, kí ẹ̀wọ̀n mi lè wúwo ni. Títí di òní, ọjọ́ mìíràn wà tí mo ṣì ń rò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wọ̀n mi gan-an nìyẹn, ó burú ju èyí tí adájọ́ dá fún mi lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé, tí ẹ ń ṣeré, tí ẹ fẹ́ kí wọ́n mọ̀ yín: bí ẹ bá jókòó pẹ̀lú ẹnì kan tí nǹkan sì ti ibẹ̀ jáde, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ìbáà bo ojú obìnrin tí wọ́n yà síbẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣì í ṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kí ó tó di ohun tí ẹ ń ṣọ́. Mo mọ̀ pé àgbà tó ní kí ẹ máa fura kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fura sí ẹni tí ẹ̀yin fúnra yín ṣẹ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀rín lásán. Bàsílì rẹ́rìn-ín nítorí pé ó fẹ́ràn mi, mo sì pa á nítorí ẹ̀rín náà.

Àwọn tí a jọ wà nínú yàrá yìí, gbogbo wọn ló ti wo eré mi rí tàbí tí wọ́n ti gbọ́ nípa rẹ̀. Garawa omi ti dé. Wọ́n ti pè mí. N ó ká apá aṣọ mi sókè dé ìgúnpá, n ó nawọ́ kí wọ́n rí i, n ó sì kọ́kọ́ mu.