Ohùn Màmá Inú Ẹ̀rọ Géèmù

Nọ́ọ̀sì kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ nínú mi. Bí n kò bá sọ ọ́ lónìí, á pa mí."

Káfíńtà, ọkọ rẹ̀, pa á kíá. Ó rò pé nǹkan ti ṣe àwọn ọmọ ni.

"Ẹ rántí ẹ̀rọ géèmù yín, èyí tí Jẹ́jẹ́ tú fún yín?"

Ta ni yóò gbàgbé? Jẹ́jẹ́ tó ń tún ẹ̀rọ géèmù ṣe, ọ̀rẹ́ Káfíńtà láti kékeré, ló tú u débi pé ó ń gba ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò fi sí i. Nígbà tí ìyá Káfíńtà kú, Jẹ́jẹ́ yí ojú ẹ̀rọ náà padà. Télọ̀ ni màmá: àwòrán aṣọ ìró rẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ tẹ́ sẹ́yìn, bọ́tìnnì aṣọ ló sì fi ṣe àmì géèmù kọ̀ọ̀kan. Ó tún yọ ohùn rẹ̀ nínú fóònù màmá, èyí tó ti ń bàjẹ́ lọ. Bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ, màmá á ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" Káfíńtà náà á dáhùn, bí ẹni pé ìyá rẹ̀ wà ní kíṣìnì.

Lọ́jọ́ kan, gbogbo rẹ̀ ṣàdédé pòórá. Káfíńtà lọ bú Jẹ́jẹ́ lójú àwọn oníbàárà rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀, ó ní iṣẹ́ jákujàku ló ṣe. Ọdún méjì rèé, wọn kò rí ara wọn sójú.

"Èmi ni mo pa á rẹ́," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ ní ọbẹ̀ mi ò tó ti màmá. Ẹ wá tan ẹ̀rọ, màmá tún ń bi yín bóyá ẹ ti jẹun! Èmi òpònú, mò ń bá òkú jowú."

Káfíńtà la rìmóòtù mọ́lẹ̀.

"Ẹ dúró, èyí tó burú jù ń bọ̀. Lẹ́yìn ìjà yín, Jẹ́jẹ́ wá síbí, ẹ ò sí nílé. Ó fún mi ní káàdì kékeré kan, ó ní, 'Ìyàwó wa, ẹ̀dà ohùn màmá kan ṣoṣo tó kù nìyí. Bó bá tiẹ̀ kọ̀ mí, kó má pàdánù ìyá ẹ̀.' Ẹ̀rù bà mí pé bí ẹ bá jọ sọ̀rọ̀, àṣírí á tú. Mo fi àlùmọ́gàjí gé káàdì náà sí méjì."

"Há! O gé kí ni?" Káfíńtà dìde.

"Jẹ́jẹ́ wá sí ilé ìwòsàn wa lónìí. Èmi ni mo gún un lábẹ́rẹ́. Kò bú mi. Ó ní, 'Ọ̀rẹ́ mi ńkọ́?' Ó rò pé káàdì náà tẹ̀ yín lọ́wọ́, pé ẹ kàn kọ̀ òun ni." Ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Káfíńtà ń wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Ojú ọmọ Jẹ́jẹ́ ni mo ti bú u," ló ní. "Dìde. Èmi kọ́ lo máa kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún. Jẹ́ ká lọ bá a."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀ kiri abẹ́ àga. Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni bàtà wà.