Ó Kọ Orin Náà Parí

Ní Sátidé tó kọjá, mo tò sẹ́yìn obìnrin kan tó wọ scrubs, aṣọ iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilé wa kan ní Clarkston, ní Amẹ́ríkà níbí, mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí.

"Mommy, mo purọ́ ní school."

"Irọ́ wo?"

"Professor fún wa ní newspaper tí àwọn student ń tẹ̀ láyé àtijọ́, eighteen-something. Wọ́n sọ nípa concert tí glee club, ẹgbẹ́ akọrin wọn, ṣe. Ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó kọ orin Yorùbá, gbogbo hall ń fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó kọ ọ́ parí."

"Háà! Ó kọ ọ́ parí?"

"Wọ́n tẹ orin náà síbẹ̀. Professor wá bi mí pé ṣé èdè yín nìyí. Mo ní rárá, a kì í sọ ọ́ nílé."

"Ta ni kì í sọ ọ́ nílé?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Gbogbo ẹ̀ ló yé mi. Ẹ̀rù ló bà mí pé wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín."

Ìyá ò bínú. Ó rọra gbé iṣu rẹ̀ sórí káńtà.

"Ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ ọ. Tí Grandma bá pè mí ní work, mo máa ń sọ fún àwọn coworker mi pé wrong number ni."

Ó mi orí. "Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ parí."

Bó ṣe yíjú padà, ó rí mi. "Ẹ káàsán o."

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó mọ̀ pé mo ti gbọ́.

Mo ní, "Hi."