Olè Tó Fi Orúkọ Mi Kọ Lẹ́tà sí Ọmọ Mi

Ará, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún Ọlọ́run kí orúnkún mi tó yarí. Halelúyà! Èmi tí ẹ̀ ń wò yìí, olè ti gbé mi wọ̀ bí agbádá.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo jẹ́ mẹ́sénjà l'Ókukù, kò sẹ́ni tó mọ lẹ́tà kọ tó mi. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń kọ ímeèlì sí Fúnmi ọmọ mi, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì lókè òkun. Tíṣà kan ní Inísà tó ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe ti pariwo títí: "Bàbá, software ímeèlì yín ti gbó. Ẹ jẹ́ n ṣe update."

Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù ni update tèmi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́tà kan wọlé, agogo dún gbìn-ín. N kò tẹ nǹkan kan o! Tíṣà ló wá là mí lóye lẹ́yìn náà: lẹ́tà yẹn ló sọ fún software tó gbó náà pé ilé olè ni ohùn agogo rẹ̀ wà, ló bá sáré lọ mú un wá. Wọ́n bi í lẹ́nu ọ̀nà pé ta ni, ó dárúkọ mi, ó sì fa kọ́kọ́rọ́ ímeèlì mi lé wọn lọ́wọ́.

Olè wọlé, ó ka gbogbo lẹ́tà mi, ó wá kọ̀wé sí Fúnmi bíi pé èmi ni: kó fi fọ́tò pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ àti nọ́mbà àṣírí tó máa wọ fóònù rẹ̀ ránṣẹ́. Bó bá fi ránṣẹ́, wọ́n á sọ ara wọn di Fúnmi, iṣẹ́ rẹ̀ àti ìwé ìgbélùú rẹ̀ á sì bàjẹ́. Fúnmi ti ya fọ́tò náà tán!

Ẹ rántí òbúkọ mi, èyí tó máa ń ṣe Àmín níta kí pásítọ̀ tó sọ̀rọ̀ tán? Kò sí lẹ́tà mi tí òbúkọ kì í kí Fúnmi. Lọ́tẹ̀ yìí, lẹ́tà náà kò tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ara fu Fúnmi, ó bá béèrè: "Daddy, òbúkọ wa ńkọ́?"

Olè dáhùn: "Ó wà dáadáa, ó ń kí ọ."

Ẹ̀yin ará, a ti jẹ òbúkọ yẹn lọ́jọ́ Àjíǹde! Orí fóònù ni mo ti sọ fún Fúnmi, n kò kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

Fúnmi pè mí kíákíá. "Daddy, ta ló wà nínú meèlì yín?"

Mo ké pe tíṣà. Ó gun ọ̀kadà wá sílé mi ní Ìkìrun, ó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, ó ṣe update. N kò jiyàn.

N kò ní purọ́ níwájú pẹpẹ. Láti kékeré ni ìbéèrè Fúnmi ti ń pọ̀jù. Àìmọye ààwẹ̀ ni mo gbà pé kí Olúwa bá mi pa ìbéèrè mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ pàtẹ́wọ́ fún Ọlọ́run tó gbọ́ àdúrà yẹn ketekete, tó sì kọ̀ ọ́.