Ṣájà Tí Mo Yọ, Àbúrò Ọkọ Mi Ni Wọ́n Dá Lẹ́bi

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò lè dá gbé mọ́. Ayọ̀ ló wà nílé wa báyìí, ayọ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n èmi tí wọ́n ń yìn lórí ayọ̀ náà gan-an ni mo da ilé rú tẹ́lẹ̀.

Fọlá Agoro là ń gbé, Palmgrove sì ni ọ́fíìsì mi wà. Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, Ìyá Àgbà là ń pè wọ́n. Àbúrò ọkọ mi náà ń gbé lọ́dọ̀ wa. Wálé lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ, nítorí náà Bọ̀dá mi ni mo ń pè é.

Ọkọ mi ra àpótí dúdú kékeré kan tí a ń pè ní sẹ́fà. Inú rẹ̀ ni gbogbo fọ́tò àti fídíò ilé wa wà. Wáyà ló so ó mọ́ ráútà tó ń fún wa ní íńtánẹ́ẹ̀tì, kálukú sì lè fi fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n wo ohun tó bá fẹ́ nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni fídíò Bàbá wà. Kí bàbá ọkọ mi tó kú, Bọ̀dá mi jókòó tì wọ́n, ó ní kí wọ́n sọ ìtàn ara wọn: bí wọ́n ṣe kúrò ní Ìjẹ̀bú wá sí Ṣómólú, bí wọ́n ṣe pàdé Ìyá Àgbà. Nígbà tó yá, Bàbá kọjú sí kámẹ́rà, wọ́n ki ìyàwó wọn ní oríkì. Bí Ìyá Àgbà bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á máa fi oríkì Bàbá, Àjàmú, dá wọn lóhùn bí ẹni pé ojúkojú ni wọ́n wà.

Èmi máa ń ya fídíò oúnjẹ tí mo bá sè, mo ń gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ṣájà iná tí mo máa ń tàn bí mo bá ń ya fídíò bàjẹ́. Mo wo ṣájà sẹ́fà, ẹnu rẹ̀ bá iná mi mu. Mo yọ ọ́. Mo wá ṣájà ráútà àtijọ́ kan nínú dúrọ́ọ̀, mo kì í bọ sẹ́fà dípò. Iná iwájú rẹ̀ tàn. Mo ní kò sí wàhálà, mo máa dá a padà.

Mi ò dá a padà.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àgbà jókòó láti wo Bàbá. Kò sí nǹkan kan. Ọkọ mi gbìyànjú títí, kò rí ohunkóhun.

Ó ní, "Ta ló fọwọ́ kan nǹkan yìí?"

Bọ̀dá mi ní, "Èmi ni mo gbé e lánàá, nígbà tí mo ń kun ògiri. Ṣùgbọ́n mi ò jù ú sílẹ̀ o."

Ọkọ mi wò mí. "Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi? Mi ò fọwọ́ kàn án o."

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò rò ó kí n tó sọ ọ́. Ó kàn já bọ́ lẹ́nu mi ni.

Ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wá wò ó, ó ní dísìkì inú rẹ̀ tó ń kó fídíò pa mọ́ ti kú. Ọkọ mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ àbúrò rẹ̀: "O ba ohùn Bàbá jẹ́, o ò sì lè jẹ́wọ́!" Bọ̀dá mi sunkún lójú gbogbo wa. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ladi-Lak.

Ìyá Àgbà ní, "Ẹ ti sin bàbá yín lẹ́ẹ̀kejì."

Mo rò pé ṣájà tí mo kì bọ̀ ọ́ ló jó dísìkì náà. Ẹ̀rù bà mí, mo dákẹ́. Ọkọ mi di sẹ́fà àti ṣájà tó bá lára rẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù, ó gbé e sórí wọ́dúróòbù. Mo ń wò ó láràárọ̀ bí mo bá ń múra iṣẹ́. Oṣù ń gorí oṣù.

Ohun tó fọ́ mi lọ́kàn ni ọ̀rọ̀ tí Ìyá Àgbà sọ lọ́jọ́ kan tí mo ń bá wọn di irun. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ohùn ọkọ mi ti ń kúrò létí mi."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa sẹ́fà ní àkókò ìsinmi níbi iṣẹ́. Nígbà tó di Sátidé, tí ọkọ mi jáde, mo gbé e sọ̀ kalẹ̀. Mo pààrọ̀ wáyà, kò yí padà. Mo gbé etí lé e. Iná tàn, ṣùgbọ́n dísìkì kò yí, ó kàn ń dún kẹ́kẹ́, ó ń dákẹ́.

Mo lọ yọ ṣájà sẹ́fà gan-an lára iná mi, mo yẹ ẹ̀yìn ṣájà méjèèjì wò. Fólítì wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n iná tí ti ráútà lè gbé jáde kò tó ìdajì tèkejì. Ó tó láti tan gílóòbù iwájú sẹ́fà, kò tó láti yí dísìkì. Dísìkì ò kú rárá! Ebi iná ló ń pa á!

Mo dá ṣájà rẹ̀ padà fún un. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó kùn hùùù! Mo fò sókè.

Síbẹ̀, fóònù mi kò rí i. Ọkọ mi ti ra ráútà tuntun, àdírẹ́sì tí ó fi ń bá ráútà tí a ń lò tẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀ ni sẹ́fà ṣì dì mú. Ihò kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti kà á pé bí mo bá tẹ ibẹ̀ díẹ̀, àdírẹ́sì àti ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ló máa lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́ jù, ohun gbogbo lè pa rẹ́. Mo mú píìnì. Mo pe Jésù, mo tẹ̀ ẹ́, mo yára fà á yọ.

Sẹ́fà yọ lójú fóònù mi. Mo gbé Bàbá sórí tẹlifíṣọ̀n, mo yí ohùn sókè.

Ìyá Àgbà sáré jáde láti yàrá láìwọ bàtà. "Àjàmú! Ṣé ìwọ nìyẹn?" Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń jó lórí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Èmi náà jó.

Bọ̀dá mi ni mo kọ́kọ́ pè. Mo jẹ́wọ́ fún un lórí fóònù. Ó wá ní, "Ṣé ohùn Bàbá ṣì wà níbẹ̀?" Mo ní ó wà. Ó ní, "Mò ń bọ̀."

Nígbà tí ọkọ mi dé, mo pe àwọn méjèèjì sí kọ́rídọ̀, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ọkọ mi kò pariwo. Ó ní, "Irọ́ lo pa, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n èmi ni mo lé àbúrò mi, ìwọ kọ́." Ó dì mọ́ àbúrò rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Bọ̀dá mi ti padà sílé. Ilé wa kún, ẹ̀rín ń sọ.

Ìyá Àgbà nìkan ni kò tíì mọ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún wọn, kí n má ba ayọ̀ wọn jẹ́. Ìyá Àgbà ti ròyìn mi fún gbogbo àdúgbò. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbé ọwọ́ lé mi lórí: "Ìwọ tí o jí ọkọ mi dìde, ojú ò ní tì ọ́ láéláé."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyàwó ilé bíi tèmi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ òótọ́ fún wọn ni, àbí kí n máa ṣe àmín sí àdúrà wọn?