Òṣùwọ̀n Ariwo Tí Mo Yí ní Bompai

Ẹ̀yin ìjọ, ẹ má tíì kọ orin ìdúpẹ́ fún mi. Iṣẹ́ abẹ mi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé orí bẹ́ẹ̀dì dókítà. Èmi Ọlọ́runṣẹ́gun tí ẹ ń pè ní alàgbà, mo ti purọ́ fún ọdún mẹ́ta, irọ́ náà sì ti pa ẹnì kan lára nínú ilé yìí.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Mo máa ń gbé ẹ̀rọ lọ sí ilé iṣẹ́ láti wọn bí ariwo ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kí n tó wọ̀n ọ́n, mo gbọ́dọ̀ fi kalibírétọ̀ yẹ ẹ̀rọ náà wò. Nǹkan kékeré bí agolo mílíìkì ni. A ó ki maikirofóònù ẹ̀rọ náà bọ ihò rẹ̀, á sì súfèé kan tí kì í lọ sókè, tí kì í rẹlẹ̀. Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ni súfèé yẹn lórí òṣùwọ̀n ariwo. Bí ẹ̀rọ bá ka iye mìíràn, a ó yí i títí yóò fi kà á.

Kalibírétọ̀ tèmi já bọ́ láti inú kẹ̀kẹ́ adaidaita ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní Zoo Road. Ó ṣì ń súfèé, mo bá ń lò ó lọ. Bartholomew tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló fi tirẹ̀ yẹ ẹ̀rọ mi wò. Ó ní, "Ṣẹ́gun, abeg, wo ibí. Tèmi ń súfèé mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún, ẹ̀rọ rẹ ka méjìdínláàádọ́rùn-ún. Kalibírétọ̀ rẹ ń ké ju bó ṣe yẹ lọ, òun lo sì ń rẹ ẹ̀rọ rẹ sílẹ̀ fún. Ibi gbogbo tí o bá wọ̀n, o fi mẹ́fà pamọ́." Mo ní màá tún un ṣe. N kò tún un ṣe. Mo ti buwọ́ lùwé fún ilé iṣẹ́ mọ́kànlá. Bí mo bá wí, gbogbo rẹ̀ á wó lé mi lórí. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ojo! Bí mo ṣe ń dákẹ́ ni kòtò náà ń jìn sí i.

Ìgbà náà ni wọ́n pè mí sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun àpò ìrẹsì ní Bompai, níbi tí Ìyábọ̀dé, olórí akọrin wa, ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ní etí ń hó àwọn. Richard, máníjà wọn, ti gbé páálí mẹ́ta ìbòtí, èyí tí a fi ń dí etí fún ariwo, kalẹ̀. Ó ní, "Injiníà, bó bá kọjá àádọ́rùn-ún, màá pín in lónìí. Bí kò bá kọjá, màá dá a padà."

Mo mọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Mo ki maikirofóònù bọ inú kalibírétọ̀ lójú gbogbo wọn, mo yí i, mo ní, "Ẹ wò ó, ó pé." Mo wọn ariwo náà: mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Obìnrin kan figbe ta, "Wallahi, ẹ̀rọ yìí ń parọ́!"

Ìyábọ̀dé ló dá a lóhùn. "Rárá o. Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun ò lè tàn wá jẹ. Ìjọ kan náà la jọ wà."

Mo wo ojú rẹ̀, mo sì buwọ́ lùwé. Wọ́n gbé páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sínú ọkọ̀.

Kò pé ọdún méjì tí Ìyábọ̀dé fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin gba ẹ̀yìn ìlù. Nígbà tó yá, etí rẹ̀ di, ó fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ ní kí n gbọ́wọ́ lé e létí? Mo fẹ́ sá, ẹ ti yí mi ká. Mo di etí tí mo bà jẹ́ mú, mo ní kí Ọlọ́run wó iṣẹ́ ọ̀tá lulẹ̀, ẹ̀yin ń ṣe àmín. Ọ̀tá náà nìyí. Ìyábọ̀dé kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, bùrọ̀dá mi."

Mo yá kalibírétọ̀ Bartholomew, mo padà sí Bompai lọ́jọ́ Ẹtì. Márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni. Mo ti kọ̀wé sí Richard àti gbogbo ilé iṣẹ́ yòókù. Bí wọ́n bá fẹ́ mú mi, kí wọ́n wá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, ọjọ́ tí ẹ bá mọ̀ pé irinṣẹ́ yín ti yẹ̀ ni kí ẹ wí. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹnu á ti wúwo.

Ìyábọ̀dé, dárí jì mí. Mo rí i pé ẹnu mi lò ń wò, o sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bóyá o rò pé ọpẹ́ ni mò ń dá. Virtue, ọmọ Ìyábọ̀dé, nu ojú rẹ. Mú bírò, kọ ọ́ fún ìyá rẹ bí mo ṣe sọ ọ́. Don Allah, jọ̀ọ́, má fo ọ̀rọ̀ kankan. Màá dúró síbí títí á fi kà á tán.