Ọkọ̀ Aláìsàn Tí Àga Kún Inú Rẹ̀

Ẹ̀yin ará tí a jọ wá sí àdúrà ìrọ̀lẹ́ yìí, agogo mẹ́ta ọ̀sán òní, ọjọ́ Sátidé, ni mo rí ìran kan. Ààwẹ̀ ni mo gbà, àmọ́ kí n tó pè é ní ààwẹ̀ ni ẹ̀rù kò ti jẹ́ kí n lè jẹun. Ọ̀gá wa nílé ìwòsàn ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ aláìsàn wá láàárọ̀ ọ̀la, kí wọ́n fi kó àga lọ síbi ayẹyẹ ìṣílé wọn. Ọkọ̀ kan ṣoṣo la ní, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí aláìsàn bá dé ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé aláìsàn kan ti sọ fún ọ pé òun máa ṣubú lọ́la ni? Rántí pé a ṣì ń dán ọ wò lẹ́nu iṣẹ́ o."

Mo gbàdúrà, mo sunkún, oorun gbé mi lọ.

Ọkùnrin aláṣọ funfun kan fà mí lọ́wọ́. Mo rí olóògbé ìyá tó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì wa, tí a máa ń pè ní Ahun nítorí pé kì í jẹ́ kí a mú ọṣẹ ilé ìwòsàn lọ sílé. Ó ń sinmi lábẹ́ igi.

Ọkùnrin náà ní, "Ó tọ́jú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n ń tọ́jú òun náà."

A kọjá níbi tí àwọn òpùrọ́ àti àwọn alágbèrè ti ń ké. A dé títì kan tó gbóná. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn, wọ́n ń pe ọkọ̀ aláìsàn, ọkọ̀ sì ń bọ̀, ó ń han, iná orí rẹ̀ ń kọ mànà, wọ́n nawọ́, wọ́n pariwo, kò dúró, ó kọjá, ó tún yí padà, kò dúró!

Awakọ̀ yọrí. "Ẹ má bínú o, ọ̀gá, àga ló kún inú ọkọ̀!"

Ẹní méjì ṣófo níbẹ̀, ńlá kan, kékeré kan.

Mo béèrè pé, "Ta ló ni ńlá?"

"Ọ̀gá rẹ. Kò tíì dé."

"Kékeré ńkọ́?"

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ mi. Kọ́kọ́rọ́ ló wà níbẹ̀.

Mo jí. Ẹ̀yin tí nǹkan ìlú wà níkàáwọ́ yín, ẹ ṣọ́ra o! Àmọ́ èmi gan-an ńkọ́? Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń bọ́ ìyá mi. Ọ̀gá ti pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí mo jí. N kò gbé e. Kọ́kọ́rọ́ náà rèé lápò mi. Ilẹ̀ ọ̀la kò ní pẹ́ mọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin ará: kí ni kí n sọ fún wọn?