Lẹ́tà Tí Mo Ní Kò Sẹ́ni Tó Ni Ín

Ìwé tó fún mi láyè láti máa gbé orílẹ̀-èdè yìí títí lọ dé lánàá, gbogbo ayé sì ń kí mi kú oríire. Kí ẹ tó kí mi tán, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹrù tó wà láyà mi kalẹ̀.

Àǹtí Aránṣọ ló gbà mí sílé nígbà tí mo dé. Yàrá kan péré ni. Abẹ́ tábìlì tó fi ń gé aṣọ ni mo ń sùn. A ò bá ara wa tan rárá. Odindi ọdún kan, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ta ni yóò dojú kọ ẹni tó jù ú lọ pé kí lorúkọ yín? Òun ń pè mí ní Alálàá, torí ìwé ìtàn kì í kúrò lọ́wọ́ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, apínlẹ́tà àdúgbò wa wá kan ilẹ̀kùn. "Ìyàwó inú ìwé yẹn ti rí ọkọ rẹ̀?" Bó ṣe máa ń bi mí nìyẹn. Orúkọ tó wà lára lẹ́tà náà ṣàjèjì sí mi. Ìtàn ti dùn dé góńgó, mo yára kọ ọ́ sẹ́yìn lẹ́tà pé, "Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí," mo sì dá a padà fún un.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Àǹtí ní, "Alálàá, ìwé ìpè sí ìdánwò tí n ó fi di ọmọ ìlú ò mà tíì dé o." Ó na fọ́ọ̀mù rẹ̀ sí mi. Orúkọ ara lẹ́tà ọjọ́sí ni! Mo ní, "Wọn ò mú nǹkan kan wá, mà." Ẹ wo ẹnu mi!

Ọjọ́ ìdánwò kọjá. Wọ́n ní lẹ́tà ti padà sọ́dọ̀ àwọn, kó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé ọmọ ìlú yẹn ni ọmọbìnrin rẹ̀ ń dúró dè nílé kó tó lè wá bá a. Àǹtí sunkún. "Apínlẹ́tà yẹn ló dá lẹ́tà mi padà!" Ibí ni mo ti bà á jẹ́ jù: mo ní, "Ọ̀lẹ ni, Àǹtí. Ẹ fẹjọ́ ẹ̀ sùn." Ó fẹjọ́ sùn. A ò rí ọkùnrin náà ládùúgbò wa mọ́.

Ọdún méjì kọjá kí Àǹtí tó di ọmọ ìlú. Òun náà ló wá jẹ́rìí mi fún ìwé tèmi. Ó kọ ọ́ níbẹ̀ pé olóòótọ́ ni mí.

Mo kúnlẹ̀ lánàá, mo jẹ́wọ́. Ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"O ti wá mọ orúkọ mi báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa. Ọmọ mi ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, mi ò ráyè ìjà. Àmọ́ apínlẹ́tà ọmọ ọlọ́mọ yẹn ńkọ́? Dìde, kọ̀wé síbi iṣẹ́ ẹ̀."

Mo ti kọ ọ́, mo sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹni tó bá fún yín níbi ìsùn, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè orúkọ rẹ̀. Àǹtí, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Apínlẹ́tà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Látọjọ́ tí ẹ ti lọ, mi ò lè ka ìwé yẹn parí. Mi ò mọ̀ bóyá ìyàwó rí ọkọ rẹ̀.